Ẹni tó bá di fóònù mú kò lè di Bàbá mú

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú òbí tó ní àrùn Parkinson, àrùn ọpọlọ tó ń jẹ́ kí ìrìn nira, tí físíò (oníṣègùn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara) sì ń bá wọn ṣe eré ìdárayá lórí fídíò WhatsApp, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ gbé fóònù. Ẹ wá nǹkan gbé e lé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo fi ń kọ èyí, àyà mi ṣì ń já.

Òṣogbo la wà, Ìbàdàn ni físíò wà. Kí Bàbá tó débẹ̀, mọ́tò á ti gba gbogbo okun tí wọn ì bá fi ṣe eré ìdárayá, la ṣe gba ti fídíò. Físíò ní òun fẹ́ máa rí ẹsẹ̀ wọn bí wọ́n bá ń rìn, ni mo bá ń gbé fóònù tẹ̀ lé wọn. Òun ló ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀ o, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mò ń fi fóònù ṣeré.

Wọ́n rìn dáadáa ní pálọ̀. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà yàrá, wọ́n fẹ́ yí padà, ẹsẹ̀ lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ara ń lọ síwájú, ẹsẹ̀ ò gbà. Físíò ń ké pé, "Bàbá, ẹ dúró ná! Ẹ mí kanlẹ̀!" Bẹ́ẹ̀ ni nẹ́tíwọ̀kì gan, àwòrán físíò dúró tòun ti ẹnu tó là sílẹ̀. Orúnkún Bàbá ń gbọ̀n. Wọ́n pe orúkọ mi. Fóònù ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Ọwọ́ òsì ni mo nà, etí bùbá ni mo rí dì mú, ó sì ya. Wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ gbá férémù ilẹ̀kùn kí wọ́n tó balẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé fóònù mi ò fọ́.

A ya fọ́tò eegun (X-ray), eegun kankan ò ṣẹ́. A ti padà sẹ́nu eré ìdárayá.

Àbúrò mi ló ń dúró lẹ́yìn wọn báyìí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣófo. A lẹ téèpù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ìlà kan fún ìṣísẹ̀ kan, Bàbá á máa dá a kọjá, àwa á máa kà á: ení, èjì. Ọpọlọ tí kò ní dopamine tó, ìyẹn èròjà tí ọpọlọ fi ń darí ìrìn ara, kì í lè darí ìrìn fúnra rẹ̀ mọ́, àmọ́ tí ojú bá rí ìlà tàbí tí etí gbọ́ ìlù, ó máa ń gba ọ̀nà mìíràn. Kíka ò nílò dátà. Tí wọ́n bá fẹ́ yí padà, wọ́n á rìn yípo gbọọrọ ni, wọn ò ní yí lójú kan.

Ẹ jẹ́ kí eré ìdárayá bọ́ sí àsìkò tí levodopa, oògùn Parkinson, ń ṣiṣẹ́ lára. Ẹ̀kọ ni tiwa fi ń lò ó. Mọ́ínmọ́ín dìgbà tó bá yá, torí ẹ̀wà àti ẹran máa ń du ọ̀nà mọ́ oògùn náà lọ́wọ́. Ẹ bi dókítà yín.

Ṣùgbọ́n ti fóònù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ní Lọ́ńdọ̀nù ní òun á fi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń gbé e dúró ránṣẹ́. Títí yóò fi dé, àpótí ìdáná àti agolo gàrí ló ń bá wa gbé e.