Ọkọ̀ Òfuurufú Lórí Tábìlì Ìyá Mi

Oṣù kẹta rèé tí mo ti ń ṣe àwòṣe Millennium Falcon, ọkọ̀ òfuurufú inú fíìmù Star Wars, nínú yàrá mi ní Òkè-Báálẹ̀, Òṣogbo. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún fíìmù Star Wars ti 1977 gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 5. Èyí tí wọ́n ṣe fún fíìmù 1980 kò ju bí íǹṣì 32 lọ. Kékeré yẹn ni mò ń wò ṣe. Tábìlì ìyá mi kò gba ńlá.

Wínníwínní ara rẹ̀ ló ń dùn mọ́ mi jù. Àwọn tó ṣe é kò gbẹ́ gbogbo rẹ̀: ara ọkọ̀ ogun oníke tí wọ́n ń tà ní páálí fún títò ni wọ́n ti ṣa ọ̀pọ̀ rẹ̀, tí wọ́n wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Èmi gba ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún rédíò ṣe nítòsí Ọjà Ọba lọ.

“Àbúrò, kí lo fẹ́ fi pàǹtí ṣe?”

“Ọkọ̀ òfuurufú ni, ẹ̀gbọ́n.”

Ó rẹ́rìn-ín títí, ó tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí i.

Gúlù ti lẹ ìka mi pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lánàá, ọ̀dà eérú tí mo fín sí i kò tíì gbẹ tí eruku ọyẹ́ fi bà lé e. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Àmọ́ ti inú fíìmù náà dọ̀tí, ó sì gbó. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.