Wọ́n Ní Kí N Fò, Mo Fò

Ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bà. Ẹni tó bá sọ òkò ní St Andrews, ní Skọ́tílándì, ẹni tó gbé báàgì ọ̀pá gọ́ọ̀fù kọ́ èjìká ni yóò bà. Ọdún kan gbáko ni mo fi gbé ìlú yẹn nígbà tí mo lọ kàwé, n kò sì fọwọ́ kan ọ̀pá gọ́ọ̀fù rí. Níbo ni àyè rẹ̀ wà? Lọ́sàn-án mo wà ní kíláàsì, lálẹ́ mo ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ, tó bá di òru mo ń sun ẹkún owó ilé.

Ohun kan wà tí mo ṣe nígbà yẹn tí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Níwájú ṣọ́ọ̀ṣì St Salvator tó jẹ́ ti yunifásítì, wọ́n to òkúta sílẹ̀ ní lẹ́tà PH, níbi tí wọ́n ti dáná sun Patrick Hamilton ní 1528 nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ yóò fìdí rẹmi nínú ìdánwò, àfi tó bá lọ ri ara rẹ̀ sínú òkun ní ìdájí ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún. Èmi tẹ̀ ẹ́. Mo tún padà lọ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì kí wọ́n lè yà mí ní fọ́tò. Mo ní èpè òyìnbó wo ló fẹ́ mú ọmọ Ìjẹ̀bú? N kò sì dé etí òkun débi tí n ó wẹ̀.

Mo yege o. Àṣé gbèsè ọ̀hún ti ṣáájú mi dé Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún mẹ́ta péré ni mo ṣe iṣẹ́ akáúńtáǹtì níbẹ̀ tí wọ́n fi dín òṣìṣẹ́ kù, tí orúkọ mi sì wà lókè pátápátá, bíi pé wọ́n fi tèmi ṣí ìwé. Oṣù mẹ́fà ni mo fi wáṣẹ́ tì. Nígbà tí ilé ìtura kan ní St Andrews wá ní òun ń wá ẹni tí yóò máa bá òun ṣe ìwé owó, mo pa báàgì mi dé, mo padà síbi tí mo ti ń fọ abọ́.

Ilé Bọ̀dá kan tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì tẹ́lẹ̀ ni mo dé sí ní Dundee, ìlú ńlá tó wà nítòsí. Ọjọ́ Ajé ni íńtáfíù, nítorí náà ní ọjọ́ Àìkú, Bọ̀dá ní ká lọ wo ọ̀nà sílẹ̀. Bọ́ọ̀sì 99 ló gbé wa lọ, nítorí rélùwéè kò wọ St Andrews mọ́ láti 1969. A dé etí Old Course, pápá gọ́ọ̀fù tí gbogbo ayé ń wá wò. Ẹ̀yin èèyàn mi, ajá ń sáré lórí pápá. Àwọn ọmọdé ń ta gìrọ́gìrọ́. Ìyá kan tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì. A rìn dé orí Swilcan Bridge, afárá òkúta kékeré tí Tiger Woods, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká agbágọ́ọ̀fù, ti ń nu omijé kọjá ní 2022, mo dúró lé e, Bọ̀dá yà mí ní fọ́tò.

"Ṣé o rí i?" Bọ̀dá ní. "Tó o bá ti ń bọ̀ láti etí òkun, àárín ibí yìí ni kó o gbà. Ó yá ju ojú títì lọ."

Bọ̀dá kò mọ̀, èmi tí mo gbé ìlú náà fún ọdún kan kò sì rántí, pé ọjọ́ Àìkú ni pápá yẹn ń sinmi. Tó bá ti di ọjọ́ Ajé, ọ̀rọ̀ yí padà.

Ìdí tí etí òkun fi wọ ọ̀rọ̀ náà ni Màámi. Wọ́n ti ní tí mo bá dé ìlú tó ní òkun, kí n má ṣe wọlé íńtáfíù láì kọ́kọ́ gbàdúrà létí omi. Láago méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé mo ti wà ní West Sands pẹ̀lú súùtù, mo bọ́ bàtà sílẹ̀ bí ọmọ Aládùúrà, mo ń ké pe ọ̀run. Ọkùnrin kan tó ń sáré kọjá kí mi, ó sì fi kún eré rẹ̀. Kùrukùru tó ń wá láti ojú òkun, èyí tí wọ́n ń pè ní haar, ti bo ìdajì ìlú. Mo wọ bàtà mi, mo gba ọ̀nà tí Bọ̀dá júwe.

Mo ti rìn dé ẹ̀bá Swilcan Burn, odò tóóró tó la pápá náà kọjá, nígbà tí mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan nínú kùrukùru:

"Fòòò!"

Mo mọ̀ pé "fore" ni wọ́n ń ké láti fi kìlọ̀ pé bọ́ọ̀lù ń bọ̀. Mo mọ̀ ọ́n báyìí. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, etí Yorùbá ni mo fi gbọ́ ọ, ohùn ìsàlẹ̀ gan-an ni ọkùnrin náà sì fi pè é, dò, bíi pé Ìbàdàn ló ti kàwé. Wọ́n ní kí n fò. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa kì í bi àgbà pé kí ló dé. Mo fò.

Inú odò ni mo bọ́ sí. Kò jìn, orúnkún ló mù mí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo sì jókòó sínú rẹ̀. Omi Skọ́tílándì nínú oṣù kẹrin! Ẹ̀mí mi jáde lọ, ó yí ìlú ká, ó tó padà wá.

Bọ́ọ̀lù náà kò bà mí. Ó balẹ̀ sórí koríko létí odò, ó jókòó síbẹ̀ jẹ́jẹ́, ó funfun báláú. Nígbà tí mo gun òkè, mo rí àwọn èèyàn mẹ́ta tó ń sáré bọ̀, mo sì ronú pé olóhun ń wá ohun rẹ̀. Mo he bọ́ọ̀lù náà. Mo fi táì mi nù ún. Mo lọ pàdé àgbàlagbà tó ṣáájú wọn, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, mo sì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ gbà, sà."

Kádì tó ru báàgì rẹ̀ fi ọwọ́ bo ojú.

Ará Amẹ́ríkà ni bàbá náà. Owó tí wọ́n ń san gbá ẹ̀ẹ̀kan lórí pápá yẹn ju £300 lọ, kò sì sí ẹni tó ń fi owó nìkan wọlé, púpọ̀ nínú wọn ń kọ orúkọ sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣẹ́ gègé. Ó jọ pé bọ́ọ̀lù tí mo he yìí ni ó tíì gbá dáadáa jù láyé rẹ̀. Òfin gọ́ọ̀fù sì ní kí wọ́n dá a padà síbi tó wà gan-an. Ni wọ́n bá yí mi ká. Ibo ló wà? Ibí yìí ni, sà. Ṣé ó dá yín lójú? Ó tó ẹsẹ̀ kan sí ọ̀tún, sà. Kádì ní rárá, òsì ni. Omi ń kán lára mi, eyín mi ń lu ara wọn, èmi ni mo di ẹlẹ́rìí nílé ẹjọ́.

Nígbà tí mo dé ilé ìtura, màdáàmù tó fẹ́ fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò wò mí láti orí dé bàtà. Kò béèrè nǹkan kan. Ó ní ó jọ pé òtútù mú díẹ̀ lóde, ó rọra tẹ́ ìwé ìròyìn sórí àga, ó ní kí n jókòó. Ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó yìí! Ká ní Ìjẹ̀bú-Òde ni, kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, èèyàn mẹ́rin ì bá ti bi mí pé ta ló tì mí sódò.

Ìwé ẹ̀rí mi nìkan ló gbẹ, nítorí bí Màámi ti kọ́ mi ni mo ṣe dì í: ọ̀rá méjì, kókó mẹ́ta. Ìka mi ti kú, mo fi eyín tú kókó kejì. Màdáàmù ń wo ojú fèrèsé.

"Ṣé ẹ máa ń gbá gọ́ọ̀fù?" ó bi mí.

"Àárọ̀ yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú rẹ̀, mà."

Ó rẹ́rìn-ín. A sọ̀rọ̀ ìṣirò fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tí mo dìde láti máa lọ, ìwé ìròyìn dìde pẹ̀lú mi, n kò sì mọ̀ títí mo fi wọ bọ́ọ̀sì 99, tí ọmọdé kan tó wà lẹ́yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí í ka èsì bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá sókè.

Bọ̀dá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní ṣebí mo ti wẹ PH dànù báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé odò ni, tí kì í ṣe òkun, tí oṣù karùn-ún kò sì tíì dé.

Ní ọjọ́rú, màdáàmù pè. Ó ní kí n wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, láago mẹ́sàn-án.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ojú títì ni kí ẹ gbà wá o."

Bẹ́ẹ̀, n kò sọ ọ̀nà tí mo gbà fún un.