Omi ẹ̀rọ àti ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé omi ẹ̀rọ ló ń pa ẹ̀fọ́ yín, omi ẹ̀rọ wo gan-an? Torí níbí ní Ṣágámù, ilé kan lè máa lo omi ìjọba kí ilé kejì máa fa bọ́hòòlù sínú tánkì, ẹnu ẹ̀rọ ni gbogbo ẹ̀ ń gbà jáde àmọ́ wàhálà wọn ò jọra rárá.

Tó bá ń rùn bíi Jíìkì, kílórìn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi nìyẹn. Èyí tó wà nínú omi mímu kì í sábà pa ẹ̀fọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dẹ́rù bà yín. Èmi a kàn pọn ọ́n sínú bàsíà ẹlẹ́nu gbòòrò, mi ò ní dé e, tó bá fi máa dàárọ̀ òórùn yẹn ti lọ. (Ẹ̀yin ará wa tó ń dáko ẹ̀yìnkùlé l'Amẹ́ríkà, ẹ wádìí o, kílórámìn, ìyẹn kílórìn tí wọ́n pò mọ́ amóníà, lọ̀pọ̀ ìlú ibẹ̀ ń lò, òun kì í tètè lọ bẹ́ẹ̀.)

Tèmi, bọ́hòòlù ni, irin ló wà nínú ẹ̀. Á mọ́ lóló tó bá ń jáde, tí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i báyìí á pọ́n, á dógùn-ún sísàlẹ̀ bàsíà. Tẹ́ ẹ bá ń wọ́n ọn sórí tẹ̀tẹ̀, ewé á ní àbàwọ́n, àwọn ìyá ọlọ́jà á sì torí ẹ̀ dín owó yín. Ẹ jẹ́ kó silẹ̀, ẹ rọra bu òkè ẹ̀, ìdí ẹ̀fọ́ ni kẹ́ ẹ da á sí. Tánkì dúdú tó wà lóòrùn náà, lọ́sàn-án ẹ fọwọ́ kan omi ẹ̀ kẹ́ ẹ tó da á sí ata kéékèèké, ó lè bó o.

Omi tó ń fi nǹkan funfun sílẹ̀ létí ìkòkò tẹ́ ẹ gbin ẹ̀fọ́ sí ńkọ́? Ìyẹn ò gbọ́ sísilẹ̀, omi lásán ló ń fẹ́ lọ, nǹkan funfun yẹn á ṣẹ́ kù síbẹ̀. Omi òjò ni kẹ́ ẹ gbè, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó fọ páánù dáadáa, kẹ́ ẹ wá bù ú sí i títí á fi máa jáde nísàlẹ̀.

Màmá ilé kejì bá mi jà torí ugú inú ike wọn tó ń pọ́n. "Ṣebí mo sọ fún ẹ pé bọ́hòòlù yín yìí ò dáa!" Mo ní, "Ẹ jẹ́ n yẹ ìdí ike yẹn wò ná, Mà." Kò síhò kankan nídìí ẹ̀, omi ti ń ra gbòǹgbò. A fi ìṣó gbígbóná lu ú.