Bí Mo Ṣe Yan Rẹsísítọ̀ àti Kapásítọ̀ fún LFO Tí Kò Ṣeé Sọ Tẹ́lẹ̀

Nítorí synthesizer kékeré kan (ohun èlò orin tí ń fi iná mànàmáná dá ìró) tí mo ń tò lórí tábìlì mi, mo nílò fólítì kan tí yóò máa rọra lọ sókè sódò, tí etí kò sì ní mọ ibi tí yóò yà sí. LFO lásán (ọ́síléétọ̀ tó lọ́ra, ìyẹn àyíká iná tí fólítì rẹ̀ ń lọ sókè sódò léraléra) dà bí omele: ohun kan náà ni yóò máa tún sọ. Ìyáàlù ni èmi ń wá.

Áísì CD40106 (ègé kékeré tí a kó àyíká iná sínú rẹ̀) ni mo lò. Ìpín mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan sì di ọ́síléétọ̀ bí a bá fi rẹsísítọ̀ (tí ń dín ìṣàn iná kù) so ibi tí iná ti ń jáde mọ́ ibi tí ó ti ń wọlé, tí a sì fi kapásítọ̀ (tí ń gba iná pamọ́) so ibi ìwọlé náà mọ́ gíráùndì, ibi tí fólítì jẹ́ òdo. Bí kapásítọ̀ bá kún dé ààlà òkè, ìpín náà á pa iná tí ń kún un. Bí ó bá gbẹ dé ààlà ìsàlẹ̀, á tún tan án. Bí a bá fún áísì yìí ní fólítì 10, ààlà òkè sábà máa ń wà ní nǹkan bí 5.9, ti ìsàlẹ̀ ní 3.9. Èyí fi hàn pé ìyípo kan ń gba 0.81 ìlọ́po R (ìwọ̀n rẹsísítọ̀) àti C (ìwọ̀n kapásítọ̀), ṣùgbọ́n áísì méjì kì í rí bákan náà gan-an.

Ní àkọ́kọ́, mo ṣe ọ́síléétọ̀ mẹ́ta tí ìyípo wọn jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 2, 4 àti 8, nítorí pé wọ́n rọrùn láti ṣírò. Àṣìṣe ni, nítorí láàárín ìṣẹ́jú àáyá 8 péré, gbogbo rẹ̀ ti padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Mo wá yan rẹsísítọ̀ 680k (k ni ẹgbẹ̀rún ohm, M ni mílíọ̀nù ohm) pẹ̀lú kapásítọ̀ 4.7µF, 1M pẹ̀lú 4.7µF, àti 680k pẹ̀lú 10µF, tí ó fún mi ní ìṣẹ́jú àáyá 2.6, 3.8 àti 5.5. Lórí ìwé, ó di ìṣẹ́jú àáyá 2,717, tí ó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú 45, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó tún jọ gbéra. Kapásítọ̀ electrolytic, irú èyí tí mo lò, sì lè fi ìdá 20 nínú 100 lé tàbí dín sí ohun tí a kọ sí i lára. Ẹni tí ń ṣe aago yóò bínú sí i, èmi dúpẹ́ ni.

Kí n tó dé ibẹ̀, 2.2M ni mo kọ́kọ́ fi sí 10µF kan tí mo yọ nínú rédíò àtijọ́. Iná LED tí mo fi ń ṣọ́ ọ tàn, kò sì kú mọ́. Mo gbé mítà lé kapásítọ̀ náà: 4.1 ló dúró sí, bẹ́ẹ̀ bátìrì fólítì 9 ni mo ń lò, ààlà òkè sì wà nítòsí 5.3. Bí iná ṣe ń wọlé ló ń jò lọ, bí ẹni ń pọnmi sínú ajádìí agbọ̀n. (Mítà fúnra rẹ̀ tún ń mu díẹ̀ nínú rẹ̀.) Láti ọjọ́ náà, n kì í fi ohun tó ju 1M lọ sí electrolytic, ẹni tó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó wá kapásítọ̀ fíìmù, nítorí pé 1µF pẹ̀lú 4.7M kò yàtọ̀ sí 4.7µF pẹ̀lú 1M.

Láti da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, bí rẹsísítọ̀ tí a fi so wọ́n bá dọ́gba, ipele mẹ́rin péré la ó rí. Nígbà tí mo lo 100k, 220k àti 470k, ó di mẹ́jọ, nítorí pé wọ́n ń dá nǹkan bí fólítì 5.4, 2.45 àti 1.15 wá. Èyí tó lọ́ra jù ni mo fún ní 100k, kí ìfò ńlá má baà wáyé lemọ́lemọ́. Mo fi 47µF sí ibi tí wọ́n ti pàdé kí ó lè rọra yí, ṣùgbọ́n ńṣe ni fílítà synthesizer náà (apá tí ń sẹ́ ìró, tí fólítì yìí ń darí) ń tòògbé. 10µF, tí ó fún mi ní nǹkan bí 0.6 ìṣẹ́jú àáyá, ni mo fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Ìpín mẹ́ta tó kù, mo so ibi ìwọlé wọn mọ́ gíráùndì, mo sì fi 100nF sáàárín ẹsẹ̀ 14 (ibi tí iná ti ń wọ áísì) àti ẹsẹ̀ 7 (gíráùndì rẹ̀), kí àwọn ọ́síléétọ̀ náà má baà gba ojú iná tí wọ́n jọ ń lò fa ara wọn mọ́ra.