Kí ẹ tó gba abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Tí obìnrin kan bá bi mí nípa abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí, èmi náà á kọ́kọ́ bi í pé: ìgbà wo lo tún fẹ́ bímọ? Aránṣọ ni mí ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, mi ò kí ń ṣe nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ohun tí obìnrin ń sọ ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń dúró de aṣọ. Mo sì ti gba abẹ́rẹ́ yìí fún ọdún mélòó kan, oríṣi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bú abẹ́rẹ́ yìí ládùúgbò wa kò bú u torí pé ó kùnà. Wọ́n dá a dúró, wọ́n ń retí oyún, oyún ò tètè dé. Bó ṣe rí fún ìyàwó àbúrò ọkọ mi nìyẹn. Oṣù ò tíì lọ títí tí ìyá ọkọ wa ti ń wo ikùn rẹ̀. Nígbà tó yá, àgbo bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní abẹ́rẹ́ ti ba ilé ọmọ rẹ̀ jẹ́. Kò ba nǹkan kan jẹ́. Oògùn inú abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta, èyí tí wọ́n ń gbà lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, máa ń pẹ́ kó tó tán lára ni. Tí a bá kà á láti ọjọ́ abẹ́rẹ́ tó kẹ́yìn, nǹkan bí oṣù 10 ló ń gba obìnrin kó tó lóyún, tí a bá pín in dọ́gba. Ti oṣù méjì yá díẹ̀ sí i, nǹkan bí oṣù 6. Ọmọ rẹ̀ ti ń lọ jẹ́lé-ó-sinmi báyìí, ṣùgbọ́n ẹni tó fún un lábẹ́rẹ́ kò sọ ọ̀rọ̀ yìí fún un rárá, ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn títí di òní. Ẹni tó bá fẹ́ lóyún láìpẹ́, kó béèrè nípa èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá, tàbí oníhóró, tí ara ń tètè padà sípò lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì ni nǹkan oṣù. Láwọn oṣù àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ lè máa kán ní ọjọ́ tí ẹ ò retí, ó sì lè pẹ́ kó tó dá. Tó bá tó bí ọdún kan, ti ọ̀pọ̀ obìnrin kì í wá mọ́ rárá. Ìgbà tí tèmi dáwọ́ dúró, aládùúgbò mi kan ní ẹ̀jẹ̀ ti ń kó jọ sí mi nínú, kí n lọ fọ̀ ọ́. Nọ́ọ̀sì ló là mí lójú: oògùn náà kì í jẹ́ kí ara inú ilé ọmọ nípọn, nítorí náà kò sí ẹ̀jẹ̀ tí yóò wá jáde. Kò sí ohun tó ń kó jọ. Ẹ sọ fún ọkọ yín ṣáájú, kó má baà rò pé oyún ni. Orí fífọ́ àti sísanra díẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Ní ti oríṣi tó wà, nọ́ọ̀sì tó tọ́jú mi kó wọn sórí tábìlì. Depo-Provera, tí wọ́n ń gún sínú ẹran apá tàbí ìdí, oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Noristerat, tó dà bí òróró nínú ìgò kékeré, oṣù méjì méjì. Lẹ́yìn náà ló wá mú Sayana Press: ike kékeré kan tí abẹ́rẹ́ kúkurú ti wà lẹ́nu rẹ̀, tí oògùn sì ti wà nínú rẹ̀. Oògùn kan náà ni pẹ̀lú Depo, ìwọ̀n rẹ̀ ló kéré, 104 mg dípò 150. Abẹ́ awọ ikùn tàbí itan ni wọ́n ń gún un sí, obìnrin sì lè gún un fúnra rẹ̀.

Èyí ni mo mú. Nọ́ọ̀sì rọ iyọ̀ sínú kọ́ńdọ̀mù kan, ó ní kí n fi kọ́ṣẹ́. Mo mi oògùn náà fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 30, mo ti fìlà abẹ́rẹ́ náà wọlé títí àlàfo àárín òun àti ike fi tán, mo yọ fìlà náà, mo fún awọ pọ̀, mo gún un, mo sì rọra tẹ ike náà. Lọ́jọ́ tí mo ṣe é sí ikùn ara mi, ọwọ́ mi gbọ̀n, ká má purọ́. Ẹ má ṣe fọwọ́ ra ojú ibẹ̀ lẹ́yìn náà. Èyí tí mo ti lò, inú ike oníderí ni mo ń kó o sí, níbi tí ọwọ́ ọmọ kò ti lè tó o, mo sì ń dá a padà sí ilé ìwòsàn.

Ọjọ́ ṣe pàtàkì. Nínú obìnrin 100 tó ń lo abẹ́rẹ́, nǹkan bí 4 ló ń lóyún láàárín ọdún kan, àwọn tó sì ń pẹ́ kí wọ́n tó padà lọ ló pọ̀ jù nínú wọn. Tí ọjọ́ abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta bá yẹ̀, ó ṣì ku ọ̀sẹ̀ 4 tí wọ́n fi lè gún yín láìsí wàhálà. Ti oṣù méjì, ọ̀sẹ̀ 2 péré. Ẹni tó gba àkọ́kọ́ láàárín ọjọ́ 7 tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ lo kọ́ńdọ̀mù fún ọjọ́ 7. Abẹ́rẹ́ ò sì dáàbò bò wá lọ́wọ́ HIV o. Ọkọ tó ń ti Èkó dé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti dé 160/100, tàbí tó ní jẹjẹrẹ ọmú, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń wá lójú ara rẹ̀ tí wọn ò mọ ìdí rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ gbà á láìrí dókítà. Ìyá ọmọ tuntun tó ń fọ́mọ lọ́mú, kó jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ 6.

Láti 2011 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí jẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba, àmọ́ ẹ mú owó díẹ̀ dání, torí wọ́n lè ní kí ẹ ra ìbọ̀wọ́ àti òwú. Tó bá jẹ́ kẹ́míìsì lẹ lọ, ẹ ní kí wọ́n fi páálí oògùn náà hàn yín kí wọ́n tó fà á. Ẹ ka orúkọ àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, kí ẹ sì kọ orúkọ náà sínú káàdì yín. Ẹni tó bá ní kò sóhun tí ẹ fẹ́ wò níbẹ̀, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.