Àpótí Ìbò Tó Ti Otsego Wá

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin gbéra láti Bronx, a dojú ọkọ̀ kọ apá àríwá ìpínlẹ̀ New York, nítorí pé mo fẹ́ fojú ara mi rí ibi tí àpótí ìbò gómìnà kan ti gbéra ní ọdún 1792. Ohun tí àbúrò mi mọ̀ kò ju pé Cooperstown là ń lọ, ìlú tí wọ́n ti ń bọlá fún àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ eré beesibọ́ọ̀lù, n kò sì tú àṣírí ara mi fún un títí a fi rìn jìnnà.

Kingston la kọ́kọ́ yà sí, níbi tí sàréè George Clinton wà ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan. Ìlú yìí kan náà ló ti búra wọlé gẹ́gẹ́ bí gómìnà àkọ́kọ́ fún ìpínlẹ̀ New York ní 1777, kí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó dáná sun ún lọ́dún náà. Nígbà tí yóò fi di 1792, ó ti lo ọdún 15 lórí àléfà, ó tún fẹ́ ṣe sí i. Ẹni tó dìde sí i ni John Jay, adájọ́ àgbà fún gbogbo Amẹ́ríkà, tí kò tilẹ̀ fipò rẹ̀ sílẹ̀ kó tó díje. Àwọn alátakò Jay ń sọ kiri pé yóò tú ẹrú olówó ẹrú sílẹ̀, torí pé òun ló ti ṣe alága àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ tó ń jà fún ìdásílẹ̀ ẹrú ní New York, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ní ẹrú nílé. Kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ló lè dìbò yan gómìnà: àfi ọkùnrin tó bá ní ilẹ̀ tí iye rẹ̀ tó 100 pọ́n-ùn.

Láti Kingston, ọ̀nà ń gun òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ilé sì ń jìnnà síra. Ibẹ̀ ni mo ti wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún àbúrò mi. Òfin sọ pé ṣẹ́ríìfù, ìyẹn olórí agbófinró, káúntì kọ̀ọ̀kan (ẹ̀ka ìpínlẹ̀) ni yóò kó ìbò jọ, tí yóò sì fi í ránṣẹ́ sí akọ̀wé ìpínlẹ̀, kí ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 12 láti ilé aṣòfin méjèèjì tó kà á. Ní káúntì Otsego, níbi tí Cooperstown wà, sáà ṣẹ́ríìfù Richard R. Smith ti parí, ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀ kò sì tíì búra. Smith ṣáà gba àpótí náà, ó fi rán igbákejì rẹ̀. Ti káúntì Tioga, ẹni tó ń gbé e lọ ṣàìsàn lọ́nà, ó sì fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Káúntì kẹta, tí wọ́n fi orúkọ Clinton gan-an sọ, fi tirẹ̀ rán ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ.

Ìgbìmọ̀ náà bèèrè ìmọ̀ràn òfin lọ́wọ́ àwọn sẹ́nétọ̀ méjì tí New York ní: Rufus King ní kí wọ́n ka ìbò Otsego, Aaron Burr ní kí wọ́n má kà á. Àwọn alátìlẹ́yìn Clinton ló pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n sì fagi lé ìbò káúntì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n dáná sun ún. Ìyókù fi hàn pé Clinton ní 8,440, Jay ní 8,332. Àlàfo 108 péré, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí ọ̀pọ̀ gbà ni pé ìbò Otsego nìkan ì bá ti gbé Jay wọlé! N kò lè sọ pé ọwọ́ àwọn ará Otsego mọ́ ṣáká, nítorí wọ́n fẹ̀sùn kan William Cooper, adájọ́ ibẹ̀ tó tún tẹ ìlú náà dó, pé ó fi gbèsè tí àwọn ènìyàn jẹ ẹ́ mú wọn dìbò fún Jay. Síbẹ̀, ẹni tó jẹ gbèsè ló dìbò. Kì í ṣe ẹni náà ló fà á tí sáà ṣẹ́ríìfù fi parí.

Inú ń bí àwọn ènìyàn débi pé wọ́n fẹ́ jà, ṣùgbọ́n Jay kò gbà fún wọn. Ó kọ̀wé sí Sarah aya rẹ̀ pé ọdún díẹ̀ sí i, gbogbo wọn yóò ti di erùpẹ̀, pé kí òun ṣàkóso ara òun yóò wá ṣe pàtàkì ju kí òun ti ṣàkóso ìpínlẹ̀ lọ. Ọdún 1795 ló wọlé gẹ́gẹ́ bí gómìnà, kó tó ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì padà dé.

Ọ̀sán ti rọ̀ kí a tó dé Cooperstown. A kí Cooper ní sàréè rẹ̀, a sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí adágún Otsego, níbi tí odò Susquehanna ti ń ṣàn jáde, tóóró bí odò ẹ̀yìnkùlé. Àbúrò mi ju òkúta kan, ó bọ́ sí òdìkejì.

Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹni tó gbé àpótí yẹn dé New York, kí ni wọ́n wí fún un nígbà tó padà délé?"

Mo ní kó bọ́ sínú ọkọ̀. A ṣì ní bíi wákàtí mẹ́rin láti wakọ̀, lórí ọ̀dà.