Ohun Tí Ojú Bàbá Mi Kọ́ Mi

Iṣẹ́ àdìrẹ ni mò ń ṣe ní Òṣogbo níbí. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa mọ̀ pé kọ́sítíìkì, kẹ́míkà tó ń jó ara, ni ọ̀pọ̀ wa fi ń pọ aró báyìí, nítorí omi eérú tí àwọn ìyá wa ń sẹ́ kò wọ́pọ̀ mọ́. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi da omi lé kọ́sítíìkì lórí nínú ọpọ́n. Mo ti sọ fún un pé omi ló ń kọ́kọ́ wọ ọpọ́n, kí kọ́sítíìkì tó tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbàgbé. Ọpọ́n hó yèè, ó sì ta sí i lójú òsì.

Mi ò lè gbàgbé igbe tó ké. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, èrò ti pé lé e lórí. Ìyá kan ní kí wọ́n wá ìtọ̀ ọmọ tuntun. Abiyamọ kan ti ń tú aṣọ kó lè fún omi ọyàn sí i lójú. Ẹlòmíràn ní epo pupa ni. Ìfẹ́ ọmọ náà ló ń mú gbogbo wọn sọ̀rọ̀, mo mọ̀. Èmi fà á lọ sídìí ẹ̀rọ omi, mo dorí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí omi tó ń ṣàn kúrò lójú tó fara pa má bàa wọ èkejì, mo fi ìka méjì la ìpéǹpéjú rẹ̀, mo sì ń da omi sí i. Ó ń ta mí nípàá, ó ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun dijú. Mi ò gbà. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbáko ni a fi da omi kí a tó gun ọ̀kadà lọ sílé ìwòsàn.

Dókítà fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan kan omijé rẹ̀, ó wo àwọ̀ tí bébà náà yí sí, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi fọ̀ ọ́. Nígbà tó yí ìpéǹpéjú òkè síta, ó fi òwú yọ ègé kọ́sítíìkì tí kò ju hóró iyọ̀ lọ lábẹ́ rẹ̀. Ó ní kọ́sítíìkì burú ju ásíìdì lọ lójú, torí ńṣe ló ń yọ́ ẹran ara tí á sì máa wọlé lọ, àfi tí omi bá tètè lé e. Lónìí, ojú méjèèjì ni ọmọ náà fi ń ríran.

Orí bẹ́ǹṣì níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ojú bàbá mi ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ omi yẹn lẹ́nu nọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ bàbá mi gan-an ló sì mú kí n máa kọ èyí.

Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ojú wọn kò pọ́n, kò ro wọ́n. Àràárọ̀ ni wọ́n ń ka Kùránì wọn. Ṣùgbọ́n èjìká wọn ọ̀tún ń gbá ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá ń bu tíì, ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀pù ni wọ́n ń dà á sí. Lọ́jọ́ kan ní Olú Òde, ọ̀kadà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá wọn, wọ́n sì búra pé àwọn kò rí i rárá. A ní ọjọ́ ogbó ti dé. Mo tiẹ̀ ti kanra mọ́ wọn rí nítorí tíì yẹn, ó ṣì ń dùn mí.

Gìlákọ́mà ni. Ẹ̀gbẹ́ ni àìsàn yìí ti máa ń jẹ ìríran bọ̀, á dá àárín sí di ìgbẹ̀yìn, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ní in fi lè máa kàwé. Iṣan tó ń gbé ohun tí ojú rí lọ sínú ọpọlọ ló ń kú díẹ̀díẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà nítorí pé omi inú ẹyinjú ń tì í ju bó ti yẹ lọ. Ó sì máa ń tètè mú àwa aláwọ̀ dúdú.

Nílé ìwòsàn, wọ́n ní kí bàbá mi wo inú ẹ̀rọ kan, kí wọ́n máa tẹ bọ́tìnì bí wọ́n bá ti rí iná tín-ín-rín. Mo jókòó tì wọ́n. Ìka wọn kàn wà lórí bọ́tìnì ni, kò mira. Mo rò pé ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́. Ìgbà tí bébà jáde, dúdú ló pọ̀ jù lórí rẹ̀: ojú ọ̀tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán.

Dókítà kò tàn wá. Èyí tó ti lọ kò ní padà. Oògùn kíkán ni fún èyí tó kù, alaalẹ́, títí ayé. Bàbá kán an fún oṣù mélòó kan, wọn ò rí ìyàtọ̀, wọ́n ní owó lásán ni, wọ́n sì pa á tì láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kí a tó mọ̀, ojú òsì náà ti dín kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́: oògùn gìlákọ́mà kì í la ojú sí i. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó di èyí tó kù mú. Bí ojú bá ṣì wà bó ṣe wà lọ́dún tó kọjá, oògùn ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ó tún hàn pé oògùn kan wà tí wọ́n ti ń rà ní kẹ́míìsì látijọ́ nígbà tí ojú bá ń yún wọn. Sìtẹ́rọ́ìdì, irú oògùn tó ń mú wíwú àti ìyún rọlẹ̀, wà nínú rẹ̀. Kíá ló ń mú ìyún lọ, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ń kán an fún ìgbà pípẹ́ láìsí àyẹ̀wò, ó lè gbé ìfúnpá inú ojú sókè, ó sì lè fa kátáráàtì, ìyẹn kí jígí inú ojú ṣú.

"Ẹ̀yin ọmọ ńkọ́?" Ìbéèrè tí dókítà bi mí nìyẹn. Ó ní àìsàn náà ń rìn nínú ẹbí. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ ṣe àyẹ̀wò. Àbúrò mi ọkùnrin, ẹni ọdún 38 tó ń wakọ̀ lóru, tí nǹkan kan kò ṣe lójú rárá, ni wọ́n bá a lára rẹ̀. Ó ti ń kán oògùn, kò tíì pàdánù ohunkóhun. Bí òbí yín tàbí ọmọ ìyá yín bá ní gìlákọ́mà, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá pé 40 ọdún kí ẹ tó lọ ṣe àyẹ̀wò. Ẹ̀yin tí kò sí nínú ẹbí yín, ẹ lọ tí ẹ bá ti pé e. Ẹni tó bá sì ní ìtọ̀ ṣúgà, ọdọọdún ni. Ẹ̀ka ojú wà nílé ìwòsàn ìkọ́ni ti UNIOSUN (Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun) ní Ìdí-Ṣẹ́kẹ́ ní Òṣogbo níbí.

Kátáráàtì yàtọ̀ pátápátá, torí òun ní àtúnṣe. Ọmọlójú ìyá àgbà wa ti di funfun bí omi ògì. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n fi jígí tuntun rọ́pò èyí tó ti ṣú nínú ojú wọn, lọ́jọ́ kejì wọ́n ń ka ewú orí mi. Ẹni tó bá ń kiri pé òun á fi abẹ́rẹ́ tì í wọlé, ẹ sá fún un.

Ọmọ mi ọkùnrin, mo nà án nítorí ojú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, tíṣà ní kì í da ohun tó wà lójú pátákó kọ. Àṣé kò rí i. Kò sì mọ̀ pé àwọn ẹgbẹ́ òun ń rí i. Báwo ló ṣe máa mọ̀? Ọjọ́ tí mo bò ó lójú kan, tí mo ní kó ka orúkọ ṣọ́ọ̀bù òdìkejì títì, tí mo tún bò ó lójú kejì, ni ara mi bù máṣọ. Ó ti wọ awò báyìí. Àwọn àna mi ní awò á ba ojú rẹ̀ jẹ́, irọ́ ni. Ohun tí mo fi kún un ni pé kó máa ṣeré níta fún bíi wákàtí méjì lójúmọ́, nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ, torí ó ń dín ewu àìríran ọ̀nà jíjìn kù fún ọmọdé ju jíjókòó ti fóònù lọ. Ọmọ tí ojú rẹ̀ méjèèjì kò bá wo ibì kan náà, ẹ má sọ pé á dàgbà jáde kúrò nínú rẹ̀, torí kó tó pé bí ọmọ ọdún méje ni ìtọ́jú ń ràn jù. Bí ọmọlójú rẹ̀ bá sì ń tàn funfun nínú fọ́tò, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an, torí jẹjẹrẹ inú ojú wà lára ohun tó lè fà á.

Níbi iṣẹ́ mi, bókítì omi mímọ́ kan wà pẹ̀lú ìdérí rẹ̀ nísinsìnyí, ẹnikẹ́ni kì í bu ún mu, awò rọ́bà sì wà lórí ìṣó fún ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan kọ́sítíìkì.

Ní ti Bàbá, bí wọ́n bá ti kírun Íṣáì tán, wọ́n á fẹ̀yìn lélẹ̀. Màá fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀, màá kán ẹyọ kan péré, torí èkejì á kàn ṣàn dànù ni. Wọ́n á dijú, màá fi ìka tẹ igun ojú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú kí oògùn má bàa gba ibẹ̀ lọ. Wọ́n á máa ka tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Bí ìlẹ̀kẹ̀ bá pé ọgọ́rùn-ún, màá gbé ìka mi kúrò, a ó sì bọ́ sí ojú kejì.